Dídín Ìsanra Kù àti Mímú Un Dúró lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Àpòlúkù: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ará Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ àpòlúkù fún nítorí ìsanra àsanjù, tí ó sì ti padà sílé sí Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Òrò, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òwù-Ìsin, Ìgbàjà tàbí ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ó wà fún àwọn ẹbí tí ń se oúnjẹ fún un pẹ̀lú, àti fún òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò kọ́kọ́ rí i bí ara rẹ̀ kò bá yá. Iṣẹ́ abẹ náà kì í gbà ju wákàtí díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti gbogbo ọjọ́ ayé. Ilé ìwòsàn tí ó ṣe é sábà máa ń jìnnà: ó lè jẹ́ Èkó, Àbújá tàbí òkè òkun. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún mọ ohun tí a ṣe sí i lára, ohun tí yóò máa jẹ, ohun tí yóò yẹra fún, àti àmì tí yóò mú un sáré lọ bá dókítà.

Ta ni iṣẹ́ abẹ yìí wà fún?

Àwọn dókítà máa ń fi òǹkà kan díwọ̀n ìsanra. Wọn a mú ìwọ̀n ara ní kílò, wọn a fi gíga ní mítà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó ga ní mítà 1.60, tí ó sì wọn kílò 90, òǹkà tirẹ̀ lé díẹ̀ ní 35. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka 25 sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n tí ó pọ̀ jù, ó sì ka 30 sí ìbẹ̀rẹ̀ ìsanra àsanjù. Láti ọdún 1991, ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà lágbàáyé ń tẹ̀lé ni pé kí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí òǹkà rẹ̀ dé 40, tàbí ẹni tí tirẹ̀ dé 35 tí ó sì ní àìsàn bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí ní Amẹ́ríkà àti ti àgbáyé sọ ìlànà náà di ọ̀tun. Wọ́n ní ẹni tí òǹkà rẹ̀ dé 35 yẹ fún un bí kò tilẹ̀ ní àìsàn mìíràn, àti pé a lè gbé e yẹ̀ wò fún ẹni tí òǹkà rẹ̀ wà láàárín 30 sí 35 bí ó bá ní àtọ̀gbẹ.

Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ẹwà. Àìsàn tí ìsanra ń bí ni a fi ń lé jáde.

Oríṣi méjì tí ó wọ́pọ̀

Nínú ti àkọ́kọ́, dókítà a gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù kúrò, èyí tí ó kù a sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Apá tí a gé kúrò yìí ni ó ń pèsè púpọ̀ nínú èròjà tí ń mú kí ebi pa ènìyàn, nítorí náà ebi a dín kù. Nínú ti èkejì, a ó ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, kò ní tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ, a ó sì so ó mọ́ ìfun níwájú, kí oúnjẹ lè fo púpọ̀ nínú àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá. Edward Mason ti Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ irú èkejì yìí ní ọdún 1966. Lónìí, ihò kéékèèké ni a sábà ń gbà ṣe méjèèjì, ojú ọgbẹ́ kì í sì í tóbi.

Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ṣe pàtàkì. Ẹni tí oúnjẹ ń fo ìfun rẹ̀ kọjá ni àìtó èròjà aṣaralóore máa ń bá jà jù. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tí ó ṣe iṣẹ́ náà: orúkọ iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ tí a ṣe é, orúkọ dókítà, àti oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ẹ fi ọ̀kan sílé, kí ẹ sì máa mú ọ̀kan rìn.

Bí ìwọ̀n ara ṣe ń lọ sílẹ̀, àti ibi tí ó ń dúró sí

Oṣù mẹ́fà sí méjìlá àkọ́kọ́ ni ara máa ń fọn jù. Ìwọ̀n máa ń dé ìsàlẹ̀ pátápátá láàárín ọdún kan sí méjì. Lẹ́yìn ìgbà náà, díẹ̀ a padà.

Àwọn olùwádìí ní Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ènìyàn tí ó lé ní 4,000 láti ọdún 1987: nǹkan bí ìdajì wọn ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn yòókù gba ìtọ́jú tí kì í ṣe ti abẹ. Láàárín ọdún kan sí méjì, àwọn tí oúnjẹ ń fo ìfun wọn kọjá ti pàdánù ìdá 32 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn. Nígbà tí ó di ọdún mẹ́wàá, ìdá 25 ni ó dúró. Ìwọ̀n àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ abẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà ní gbogbo ìgbà náà. Àwọn tí ó kú láàárín àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún sì kéré sí ti àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò gbé e yẹ̀ wò. Ẹni tí ó wọn kílò 120 kí ó tó ṣe iṣẹ́ abẹ lè sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi kílò 82. Ní ọdún kẹwàá, ó lè wọn kílò 90. Kílò mẹ́jọ tí ó padà yìí kò sọ iṣẹ́ abẹ náà di òfo, nítorí pé kílò 30 ṣì lọ. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni kí ìpadàbọ̀ náà má kọjá ààlà.

Oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́

Ojú iṣẹ́ abẹ inú nílò àkókò láti jiná. Ìlànà dókítà yín ni kí ẹ tẹ̀lé bí ó bá yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí:

1. Ọjọ́ kan sí méjì àkọ́kọ́: omi, omi ẹran tí a ti sẹ́ tí kò ní ata àti ọ̀rá. Ẹ máa mu ún ní ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má gbé e mì gbùn-ún.
2. Títí di ìparí ọ̀sẹ̀ kejì: ohun mímu tí ó ní purotéènì, bíi mílíìkì tí ọ̀rá rẹ̀ kéré, ògì tí kò ki tí a fi mílíìkì lù láìsí ṣúgà, àti omi ọbẹ̀ ẹja.
3. Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin: oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná, bíi ẹ̀wà tí a ti bó èèpo rẹ̀ tí a sì lọ̀, tàbí ẹja tí a gún.
4. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹjọ: oúnjẹ rírọ̀, bíi mọ́ínmọ́ín, ẹyin sísè rírọ̀, ẹja tútù tí a sè, àti wàrà tí a kò dín.

Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ gidi ń bẹ̀rẹ̀. Ògì nìkan kò tó láti gbé ènìyàn dúró, nítorí omi àti ìyẹ̀fun ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ògì oní-ṣúgà gbé oṣù méjì yóò rẹ̀, irun rẹ̀ yóò sì máa já.

Oúnjẹ ojoojúmọ́ lẹ́yìn náà

Purotéènì ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jókòó ti oúnjẹ. Gíráàmù 60 ó kéré tán ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Gíráàmù 100 ẹja tàbí ẹran adìyẹ tí a sè ní ju 20 lọ. Gíráàmù 100 ẹ̀wà sísè ní nǹkan bíi 8. Oríire ni fún wa ní Kwárà pé àwọn Fúlàní ń kiri wàrà dé ẹnu ọ̀nà wa. Oúnjẹ tí ó dára ni, bí a bá bọ̀ ọ́ tàbí tí a fi í sínú ọbẹ̀ dípò kí a dín in nínú òróró.

Iyán, ọba oúnjẹ ilẹ̀ wa, gba ìṣọ́ra. Ó máa ń fà, ó sì lè há sí ibi tí àpòlúkù ti tẹ́ẹ́rẹ́. Búrẹ́dì rírọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí dókítà bá ti gbà yín láyè, ẹ fi í ṣe ìkẹyìn, lẹ́yìn ẹja àti ẹ̀fọ́, kí òkèlè rẹ̀ má ju orí àtàǹpàkò lọ, kí ẹ sì jẹ ẹ́ lẹ́nu kí ó tó lọ. Bákan náà ni àmàlà àti ẹ̀bà. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dára, ṣùgbọ́n kí epo rẹ̀ má lé sókè.

Àwọn òfin mìíràn rèé:
- Ẹ má mu omi mọ́ oúnjẹ. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu ún. Láàárín ọjọ́, kí omi tí ẹ mu tó lítà kan àbọ̀.
- Ẹ jẹun pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì dúró ní kété tí àyà bá ti ń kún. Ṣíbí kan tí ó lé lè di èébì.
- Ẹ yẹra fún ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mọ́ọ̀tì, àti ohun dídùn. Lára ẹni tí oúnjẹ ń fo ìfun rẹ̀ kọjá, ṣúgà lè bọ́ sínú ìfun lójijì, kí òógùn máa bò ó, kí àyà máa já, kí òòyì máa kọ́ ọ, kí ó sì máa yàgbẹ́ gbuuru.

Òde ìnáwó àti ààwẹ̀

Lára ìdánwò tí ó le jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí ni ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn. Bí ara bá ń fọn, àwọn kan yóò bèèrè pé àìsàn wo ni ó dé. Ní òde ìnáwó, ẹni tí kò jẹun tán ni a ń wò bí ẹni tí kò fẹ́ràn olóde. Kì í ṣe dandan kí ẹ ṣàlàyé ara yín fún gbogbo ayé. Ó tó kí ẹ sọ pé, "Dókítà ní kí n máa jẹ díẹ̀díẹ̀." Ẹ mú ẹran àti ẹja, kí ẹ sì ní kí wọ́n di ìyókù fún yín lọ sílé. Ìyàwó ilé tàbí ọmọ tí ó ń bu oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé fífi oúnjẹ kún abọ́ kì í ṣe àmì ìfẹ́ mọ́ fún ẹni yìí.

Ní ti ààwẹ̀, yálà ti Ramadan tàbí ti ìjọ, ẹ má gbà á ní ọdún àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Àìmu omi láti àárọ̀ dalẹ́ lè pa kíndìnrín lára, oúnjẹ ìṣínu tí a bá sì jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò lè gbé purotéènì tí ó tó. Ìsìn Mùsùlùmí fúnra rẹ̀ fi ààyè sílẹ̀ fún aláìsàn, kí ó san án padà nígbà mìíràn tàbí kí ó bọ́ tálákà. Ẹ bá ààfáà tàbí pásítọ̀ yín sọ̀rọ̀ kí ìgbà ààwẹ̀ tó dé.

Fítámì kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan

Àpòlúkù tí ó ti kéré kò lè rí gbogbo èròjà tí ara nílò mú nínú oúnjẹ nìkan. Títí láé ni ẹ ó máa lo:
- fítámì alápapọ̀ lójoojúmọ́;
- fítámì B12, yálà oníkóró tàbí abẹ́rẹ́;
- èròjà irin tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀, pàápàá fún obìnrin tí ó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀;
- kálísíọ̀mù, gíráàmù 1.2 sí 1.5 lójúmọ́, tí a pín sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú fítámì D, kí eegun má bàa di ẹlẹgẹ́.

Ẹ má lo èròjà irin àti kálísíọ̀mù pọ̀. Ẹ fi wákàtí méjì sáàárín wọn. Ẹ má fi tíì gbé èròjà irin mì, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ó wọ ara.

Àìtó wọ̀nyí kì í dé pẹ̀lú ariwo. Ó lè gba ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó hàn, nígbà tí ara ẹni náà ti yá, tí ó sì ti rò pé òun ti bọ́. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi pọn dandan ní oṣù kẹta, oṣù kẹfà, oṣù kejìlá, àti lọ́dọọdún lẹ́yìn náà.

Oògùn, àgbo, ọtí àti sìgá

Ẹ má ra oògùn ìrora bí ibuprofen tàbí diclofenac ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí inú ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún, ọgbẹ́ náà sì lè ṣẹ̀jẹ̀ tàbí kí ó lu. Paracetamol ni a sábà máa ń lò dípò wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti èyí tí a rẹ sínú ọtí. Ọtí máa ń tètè pa ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún, nítorí kì í pẹ́ nínú kí ó tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Àwọn mìíràn a sì sọ ọ́ di bárakú. Sìgá àti aáṣáà náà ń dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ máa lo ìwọ̀n àtijọ́ láìbèèrè. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ máa ń wálẹ̀ kíákíá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Oògùn tí ó bá a mu lánàá lè mú un dákú lónìí.

Oyún àti ìfètò-sọ́mọ-bíbí

Obìnrin tí ó ti ń wá ọmọ fún ọdún pípẹ́ lè lóyún láìròtẹ́lẹ̀ bí ara bá ti fọn. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ó dúró fún oṣù 12 sí 18, kí ọmọ inú má bàa máa bá ìyá rẹ̀ du èròjà tí kò tó. Oníkóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí lè má ṣiṣẹ́ dáadáa lára ẹni tí oúnjẹ ń fo ìfun rẹ̀ kọjá. Ẹ béèrè fún èyí tí a ń fi sábẹ́ awọ apá tàbí sínú ilé ọmọ. Bí oyún bá ti dúró, ẹ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ náà fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ fi orúkọ sílẹ̀.

Ìrìn àti iṣẹ́ ara

Láti ọjọ́ kejì ni kí ẹ ti máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má gún iyán, ẹ má fa omi nínú kànga, ẹ má ro oko, ẹ má sì ru ẹrù wúwo. Lẹ́yìn náà, kí ìrìn kánmọ́kánmọ́ yín tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ dúró yóò jàǹfààní bí ó bá sún un lọ sí 300.

Èyí kò gba owó. Ìrìn tí a ń fi ọ̀kadà rìn láti ilé dé ọjà, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Ará Èsìẹ́ lè fi Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945 fún àwọn ère òkúta, ṣe òpin ìrìn rẹ̀ kí ó sì padà. Bí ara bá ti gbà á, oko ríro náà ń mú kí iṣan le. Iṣan tí ó le sì ni ó ń jẹ́ kí ara máa jó oúnjẹ nígbà tí a bá jókòó.

Bí ìwọ̀n bá tún ń gòkè

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń gòkè fún oṣù méjì tẹ̀léra, ẹ wo nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí.

Àkọ́kọ́ ni ohun tí ń yọ̀ wọlé láìsí ìdíwọ́: gààrì mímu oní-ṣúgà, bísíkíìtì, ṣinṣín, súwíìtì, fùrá dídùn. Àpòlúkù kékeré kò lè dá wọn dúró bí ó ṣe ń dá ẹran dúró. Èkejì ni jíjẹ jẹlẹ́jẹlẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí àkókò. Ẹ̀kẹta ni ìrìn tí a ti pa tì. Ẹ̀kẹrin ni oògùn tuntun tí ó lè máa mú ara sanra, tàbí ìbànújẹ́ tí a ń fi oúnjẹ pa rẹ́.

Ìtìjú ni ó ń mú ọ̀pọ̀ sá fún dókítà nígbà tí ìwọ̀n bá ń padà. Ìsanra àsanjù jẹ́ àìsàn tí ó lè padà wá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àtúnṣe wà: ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ, oògùn, àti àtúnyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ náà. Bí ẹ bá tètè lọ, kílò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹ ó máa bá jà. Bí ẹ bá pẹ́, ó lè di ogún.

Àmì ewu

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án, bí ẹ bá rí:
- ibà, àyà tí ń lù kìkì, tàbí inú rírun líle ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́;
- èémí tí kò tó, àyà dídùn, tàbí ojúgun kan tí ó wú tí ó sì ń dun ni;
- ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí èébì ẹlẹ́jẹ̀;
- inú rírun líle tí ń lọ tí ń bọ̀, àní bí iṣẹ́ abẹ náà tilẹ̀ ti pé ọdún mélòó kan, nítorí ìfun lè lọ́;
- ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, èyí tí ó lè jẹ́ òkúta inú òróòro;
- èébì tí kò dáwọ́ dúró ju ọjọ́ kan sí méjì lọ.

Èébì yìí ni ẹ má fojú kéré jù. Bí ó bá pẹ́, fítámì B1 a tán lára, ojú a bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan ní méjì-méjì, ẹsẹ̀ a máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ọkàn a sì pòrúùrù. Ìbàjẹ́ ọpọlọ tí ó bá tẹ̀lé e lè má lọ mọ́. Àwọn ará ilé lè rò pé iṣẹ́ ayé ni, kí wọ́n sì gbé aláìsàn lọ sí ibòmíràn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera kí wọ́n tó fa omi oní-glúkóòsì sí i lára pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ àpòlúkù fún un, ó sì ti ń bì. Fítámì B1 ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọlé, nítorí glúkóòsì láìsí i lè mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i.

Ibi tí ẹ ti lè rí ìrànlọ́wọ́

Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó súnmọ́ yín lè wọn ara yín, kí ó wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí ó sì gún yín ní abẹ́rẹ́ fítámì tí dókítà bá kọ. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbò ti Òmù-Àrán wà fún àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn àti agbègbè rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ju ti alábọ́ọ́dé lọ. Bí ó bá nílò àgbà oníṣẹ́ abẹ tàbí onímọ̀ nípa oúnjẹ, Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin ni wọn yóò kọ ìwé sí. Ẹni tí ó wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ kí ó béèrè àyẹ̀wò àti oògùn tí ètò náà ń san owó rẹ̀.

Níbikíbi tí ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ fi ìwé iṣẹ́ abẹ yín hàn kí ẹ tó sọ ohun tí ń ṣe yín.